Láti Agbolé dé Dúpùlẹ́ẹ̀sì: Bí Ilé Ṣe Tóbi Ju Ará Ilé Lọ

Ní Amẹ́ríkà, bí ẹnì kan bá sọ pé "duplex" lòun ń gbé, ohun tó máa yé ẹni tó gbọ́ ni pé ilé náà pín sí méjì, pé ìdílé méjì ló ń gbé inú rẹ̀, kálukú pẹ̀lú ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà láti inú Látìn: ìlọ́po méjì. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa tó di dúpùlẹ́ẹ̀sì, ìtumọ̀ rẹ̀ dorí kodò. Ilé alájà méjì tí ìdílé kan ṣoṣo ń gbé la wá ń pè bẹ́ẹ̀: pálọ̀ nísàlẹ̀, yàrá lókè, àtẹ̀gùn láàrin. Ọ̀rọ̀ tó ń sọ nípa ìdílé méjì nínú ilé kan ti di orúkọ fún ilé méjì tó gun ara wọn lórí nítorí ìdílé kan. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe àpẹẹrẹ ìyípadà ìtumọ̀ ní kíláàsì lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀yin tí ẹ jókòó níwájú mi nígbà náà á rántí. Lónìí, ìtàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, torí ní Rẹ́mọ níbí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ nìkan ló yí padà.

Ẹ bá mi rìn láti àárín ìlú Ìlíṣàn jáde sí ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́, tàbí kí a kọjú sí ọ̀nà Àgọ́-Ìwòyè. Láàrin ìlú, ẹ máa rí ilé amọ̀ àti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí páànù wọn ti pọ́n bí epo. Bí ẹ bá jáde díẹ̀, ẹ máa rí dúpùlẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ti parí, tó ní ògiri gíga àti géètì dúdú, tí ìyá àgbà kan ń dá gbé pẹ̀lú ọmọ ọ̀dọ̀ kan. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni òmíràn tí wọn ò parí wà: ó dúró ní líńtẹ̀ẹ̀lì, igi ti hù ní pálọ̀, ewúrẹ́ sì ń sùn níbi tó yẹ kó jẹ́ yàrá àlejò.

Àwọn kan máa ń sọ pé ìfẹ́ ilé ńlá jẹ́ àrùn òyìnbó tó ràn wá. Èmi ò gbà. Àwọn baba wa fẹ́ràn ilé ńlá, wọ́n sì ń fi yangàn. Ohun tó yàtọ̀ ni bí ilé náà ṣe ń di ńlá. Tiwọn ń dàgbà díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ ṣe ń dàgbà. Tiwa, ọjọ́ tí a bí i ló ti gbọ́dọ̀ jẹ́ géńdé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti agbolé. Samuel Johnson, tó kú ní 1901, tí wọ́n tẹ ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1921, ṣàlàyé pé "agbo ilé" dà bí ìgbà tí a bá sọ pé agbo ẹran: ọ̀pọ̀ ilé tó kóra jọ. Àwọn ilé náà yí gbàgede ká, ẹnu ọ̀nà kan sì ni gbogbo wọn ń gbà wọlé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ yípo níwájú àwọn yàrá, ibẹ̀ sì layé wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba àlejò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yanjú ìjà ìyàwó àti ọkọ. Yàrá gan-an kéré, ó sì ṣókùnkùn, nítorí pé kò sí ohun tí ènìyàn ń ṣe níbẹ̀ ju kó sùn, kó sì tọ́jú ẹrù rẹ̀ síbẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọkùnrin kan ṣe lówó tó kì í ka ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀; iye àwọn tó ń jáde láti inú ilé rẹ̀ láàárọ̀ ló máa kà.

Amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ọ́n, ní ìpele-ìpele. Wọ́n á fi ẹsẹ̀ po amọ̀, wọ́n á mọ ìpele kan yíká, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ní ilẹ̀ igbó bíi tiwa, ewé gbódògì ni wọ́n fi ń bo orí rẹ̀. Koríko bẹẹrẹ, ti àwọn ará ọ̀dàn ni. Kò sẹ́ni tó ń dá a kọ́. Ọ̀wẹ̀ àti àáró ló ń kọ́lé: àwọn àna, ẹgbẹ́, àwọn ará ilé. Bí ọmọkùnrin kan bá tó ìyàwó í fẹ́, wọ́n á mọ yàrá kan tàbí méjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ èyí tó wà nílẹ̀. Bí ẹnì kan bá kú tí kò sẹ́ni tó wọ yàrá rẹ̀, òjò á wó o, amọ̀ rẹ̀ á sì di amọ̀ tí wọ́n tún po fún yàrá ẹlòmíràn. Agbolé ń fẹ̀, ó sì ń sún kì, gẹ́gẹ́ bí iye àwọn tó wà nínú rẹ̀.

Èdè wa ṣì pa èyí mọ́. "Ilé" kan ṣoṣo ni a fi ń pe ògiri àti òrùlé, òun náà la fi ń pe ìran ènìyàn. Bí àgbàlagbà Ìlíṣàn bá bi ọ́ léèrè pé, "Ọmọ ilé ta ni ẹ́?", kì í ṣe àdírẹ́sì ló ń bèèrè. A tún ní "ahoro", ilé tí àwọn ènìyàn ti kúrò nínú rẹ̀ nítorí ogun tàbí àjàkálẹ̀, ọ̀rọ̀ tó bani lẹ́rù débi pé a máa ń gbàdúrà sí i pé kí ilé wa má dà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ilé tí ènìyàn ò tíì wọ̀ rárá, tó ti gbó kó tó parí, mi ò mọ ọ̀rọ̀ àtijọ́ kankan. "Ọnkọ́mpílíìtì" là ń pè é, ìyá tó ń ta ẹ̀kọ pẹ̀lú ń pè é bẹ́ẹ̀. Èyí ò yà mí lẹ́nu. Ilé tó ń dàgbà kì í sí ní àìparí: yàrá méjì tó wà lónìí ti jẹ́ ilé.

Yàrá méjì yìí ti rin ìrìn àjò tó jìn. Ní 1976, John Michael Vlach, onímọ̀ àṣà ìbílẹ̀ ará Amẹ́ríkà, tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí ilé tóóró tí wọ́n ń pè ní "shotgun house", tó pọ̀ ní New Orleans: yàrá kan níbùú, àwọn yókù tò tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lọ sí Haiti, láti Haiti ó tọ̀ ọ́ dé ilẹ̀ Yorùbá, dé ilé oníyàrá méjì tó tó ẹsẹ̀ bàtà 10 níbùú àti 20 lóròó, tó sọ pé òun ni irúgbìn ilé wa. Kì í ṣe gbogbo onímọ̀ ló gbà fún un tán, ó sì yẹ kí wọ́n jiyàn. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé rúùmù àti pálọ̀ rí ní Ṣágámù tàbí ní Mushin mọ̀ ọ́n. Bí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó ti sú fún ilé gbàràmù-gbaramu ṣe ń wá "tiny house" kiri báyìí, tí ìwé ìlànà ìkọ́lé wọn ti 2018 fi ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 400 ṣe òkè téńté rẹ̀, ẹ̀rín máa ń pa mí. Ìdajì ìyẹn ni ilé tí Vlach wọ̀n.

Àwọn baba wa kì í sì í tú ilé ká. Ṣágámù ni ẹ̀rí tó sún mọ́ wa jù. Ní nǹkan bí 1872, nítorí ogun, ìlú mẹ́tàlá ní Rẹ́mọ, Ọ̀fin àti Mákun lára wọn, fi ibi tí wọ́n wà sílẹ̀, wọ́n wá dúró ti ara wọn lójú kan. Kálukú mú orúkọ ìlú rẹ̀ dání, orúkọ náà sì di orúkọ àdúgbò títí dòní. Ilé wà láàrin, oko wà lẹ́yìn odi. Ẹni tó bá sùn lóko, abà ló sùn, ó sì ní ilé tó ń padà sí nígbà ọdún. Èébú ni "ará oko" nígbà náà. Lóde òní, ẹni tó lówó jù ló ń lọ gbé láàrin oko, kìkì pé ẹ́sítéètì la ń pè é.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dé láti etíkun. Ẹ mọ ilé àwọn míṣọ́nnárì CMS ní Àgbádárìgì, tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1842 tó sì parí ní 1845, tí wọ́n máa ń kó àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ wò. Ṣùgbọ́n àwọn Àgùdà ló kọ́ wa ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ju míṣọ́nnárì lọ, àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil, tí wọ́n padà wá sí Èkó àti Àjàṣẹ́ tó di Porto-Novo, tí wọ́n kó iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà bọ̀. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní Èkó ní 1894, ọwọ́ Àgùdà ló wà níbẹ̀. Láti Èkó ni àrà náà ti gba ojú ọ̀nà wọlé, òun àti páànù àti símẹ́ńtì. Orúkọ tí a fún un dùn mọ́ mi: "upstairs" ni òyìnbó wí, àwọn baba wa sì mú àtẹ̀gùn nìkan nínú gbogbo ilé, wọ́n fi sọ gbogbo ilé lórúkọ.

Ní Rẹ́mọ, owó kòkó àti owó obì ló kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, pàápàá obì gbànja tí àwọn Hausa ń wá kó ní Sábó ní Ṣágámù. Ilé ńlá ni, ilé ìyangàn sì ni. Ẹni tó kọ́ ọ máa ń fi sìmẹ́ńtì kọ orúkọ rẹ̀ àti ọdún tó kọ́ ọ sí iwájú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣì í mú. Ṣùgbọ́n ẹ wọ inú rẹ̀ lọ. Kọ̀rídọ̀ kan là á láàrin láti iwájú dé ẹ̀yìn, yàrá wà lọ́tùn-ún lósì. Àwọn onímọ̀ kan ti sọ ọ́ ṣáájú mi pé gbàgede agbolé ni wọ́n fún pọ̀ tó di kọ̀rídọ̀ yẹn, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù wà níwájú. Bàbá wà lókè, àwọn ìyàwó àti ọmọ wà káàkiri, ọmọ àbúrò tó wá kàwé wà níbẹ̀, ọmọọṣẹ́ wà níbẹ̀, ayálégbé méjì mẹ́ta wà nísàlẹ̀ tí owó wọn ń tún páànù ṣe. Ilé ìdáná wà lẹ́yìn, ṣalángá náà wà lẹ́yìn. Bí ilé yẹn ṣe tóbi tó, kò sí yàrá tó ń sùn lófo.

Ikú bàbá ló ń mú ìṣòro rẹ̀ wá. Lábẹ́ àṣà wa, ilé ẹni tó kú láìṣe ìwé ìhágún di ilé ẹbí. Àwọn ilé ẹjọ́ fìdí èyí múlẹ̀ láti ìgbà pípẹ́: nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole ní Èkó ní 1908, ó hàn gbangba pé ilé ẹbí kì í ṣe ohun tí ẹnì kan lè dá gbé ta. Nínú ẹjọ́ Danmole àti Dawodu, tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ní 1958 tí ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ọba ní Lọ́ńdọ̀nù sì tẹ̀ lé ní 1962, ìdí-igi ni wọ́n ní kí wọ́n fi pín ogún, ìyẹn ni pé iye ìyàwó ni wọ́n máa wò, kì í ṣe orí-ò-jorí àwọn ọmọ. Ìwọ̀n yìí dára fún àlàáfíà láàrin orogún. Kò dára fún páànù tó ń jò. Nígbà tí ìran kẹta bá dé, ènìyàn ogójì ló ni ilé, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ fi owó tirẹ̀ ra ìṣó. Ẹ wo àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà láàrin ìlú, ẹ óò rí i. Mò ń sọ èyí kí ẹ má bàa rò pé mò ń fi àtijọ́ ṣe ọ̀run.

Ilé kékeré náà ní ìtàn tirẹ̀, kì í sì í ṣe ìtàn ayọ̀ ní gbogbo ìgbà. Lẹ́yìn tí àrùn eku bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1924, ìjọba dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní 1928, LEDB, láti tún ìlú náà ṣe. Ní 1955 ìgbìmọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé tó há mọ́ra ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbébẹ̀ lọ sí Súrùlérè, sínú ilé kéékèèké tó tò lọ bẹẹrẹ, tó ní omi, tó ní iná, tó mọ́ tónítóní. Peter Marris, ará Gẹ̀ẹ́sì kan, wádìí bí ayé ṣe rí fún wọn, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé tó jáde ní 1961. Ohun tó rí kì í ṣe ohun tí àwọn tó ya àwòrán ilé retí. Ìyá tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà pàdánù oníbàárà rẹ̀. Owó ọkọ̀ lọ sí Èkó jẹ èrè tán. Ìyá àgbà tí ọmọ mẹ́fà yí ká tẹ́lẹ̀ wá wà ní kọ̀rọ̀ kan, àwọn ọmọ wà ní òmíràn. Ilé náà dára, ẹbí ló fọ́. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé kí a kàn kọ́ ilé kékeré kí gbogbo nǹkan lè dára, Súrùlérè ni mo máa ń rántí. Ohun tó mú kí yàrá kékeré ṣe é gbé nínú agbolé ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àwọn tó wà nínú rẹ̀.

Bọ́díjà tẹ̀ lé e. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá àjọ ìkọ́lé rẹ̀ sílẹ̀ ní 1958, ọdún kejì ni Bọ́díjà sì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Òṣìṣẹ́ ìjọba àti olùkọ́ yunifásítì ló kún ibẹ̀. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ mi ti kọ́kọ́ rí búńgálò tó dá dúró láàrin koríko, tí bọ́ìsì kọ́tà wà lẹ́yìn rẹ̀, tí ọgbà yí i ká. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé "búńgálò" pẹ̀lú kì í ṣe ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Láti Íńdíà ló ti wá, ilé irú ti àwọn ará Bengal ni ìtumọ̀ rẹ̀. Bọ́díjà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó kọ́ wa ní ohun kan tí a kò gbàgbé: pé ẹni tó kàwé gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀ tó yí ilé rẹ̀ ká, kí ògiri rẹ̀ má kan ti ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn náà ni 1978 dé. Nǹkan méjì ló ṣẹlẹ̀ lọ́dún yẹn, ìgbésí ayé wa ní Rẹ́mọ kò sì rí bákan náà mọ́. Ní oṣù kẹta, ìjọba ológun gbé òfin ilẹ̀ jáde tó fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ní oṣù kẹjọ, wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Òfin náà kò dá ẹbí kankan dúró kí wọ́n má ta ilẹ̀. Ńṣe ló jẹ́ kí olùrà máa sanwó lẹ́ẹ̀mejì, fún ọmọ onílẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, fún ìwé ìjọba lẹ́yìn náà. Ọ̀nà náà ní tirẹ̀ mú Èkó sún mọ́ wa. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà rí i pé òun lè ra ilẹ̀ ní Ìbàfò tàbí Mowé ní owó tí kò lè ra géètì lásán ní Èkó. Ìjọ Rídíìmù ra ilẹ̀ àgọ́ wọn lójú ọ̀nà náà ní 1983, ìlú odindi sì hù yí i ká. Láti ibẹ̀ ló ti ń rákò bọ̀ sí Ṣìmáwà, sí Ṣágámù, sí ọ̀dọ̀ wa.

Ìlíṣàn ní ìdí tirẹ̀ pẹ̀lú. Ní 1959 ni ìjọ Adventist dá kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn sílẹ̀ níbí, ó sì di Yunifásítì Babcock ní 1999. Akẹ́kọ̀ọ́ dé, olùkọ́ dé, onílé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ sẹ́ẹ̀fù-kọ́ńtéènì. Pápákọ̀ òfurufú tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn kọ́ sáàárín Ìpẹ́rù àti Ìlíṣàn tún gbé owó ilẹ̀ sókè. Oko obì àti oko kòkó ni gbogbo ilẹ̀ yìí. Wọ́n ń gé igi tó ti ń so láti ayé baba ẹni, wọ́n ń fi òkúta funfun pín ilẹ̀ sí púlọ́ọ̀tì, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120. Mo fẹ́ kí ẹ wo ìwọ̀n yẹn dáadáa: ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 7,200 ni. Yàrá méjì ti Vlach tó 36 máa gba orí rẹ̀ bí a bá tò wọ́n pọ̀. Bàbá tó bá ra irú púlọ́ọ̀tì bẹ́ẹ̀ kò ní fẹ́ gbé yàrá méjì sórí rẹ̀. Ojú á tì í. Ilẹ̀ gan-an ló ń sọ fún un pé kó kọ́ dúpùlẹ́ẹ̀sì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí nìyí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ ilé wọ̀nyí kì í ṣe olówó. Olùkọ́ ni wọ́n, nọ́ọ̀sì ni wọ́n, òṣìṣẹ́ ìjọba tó fi ọdún 35 sìn ni wọ́n. Ọjọ́ tí owó gíràtúítì bá wọlé, wọ́n á gbé e lé bíríkìlà lọ́wọ́. Ilé alájà ń béèrè owó rẹ̀ ṣáájú: ìpìlẹ̀ tó jìn, òpó, ọ̀pá irin, kọnkéré dẹ́kìn tí wọ́n gbọ́dọ̀ dà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kí yàrá kan tó ṣe é sùn, owó tó lè kọ́ búńgálò tó parí ti wọlẹ̀. Ẹni tó bá ní owó yàrá mẹ́ta, tó sì fi bẹ̀rẹ̀ yàrá mẹ́jọ, kò ní yàrá kankan. Ó ń gbé ilé ayálégbé lọ ní ọmọ ọdún àádọ́rin, ó ń lọ wo ọnkọ́mpílíìtì rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ó ń fún ọlọ́dẹ lówó kí àwọn ọmọ ìta má bàa jí ọ̀pá irin tó ṣẹ́kù. Mo mọ ju ẹnì kan lọ tó kú bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ wọn kò gbé níbí, wọn ò sì ní parí rẹ̀. Ìdí-igi tàbí orí-ò-jorí, kí ni wọ́n fẹ́ pín níbẹ̀?

Àwọn ọmọ tó wà lókè òkun náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ ká yà sí ọ̀dọ̀ wọn díẹ̀. Ilé tí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn nígbà kan kò jìnnà sí tiwa. Ní 1947, William Levitt bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé fún àwọn ológun tó ti ogun dé, lẹ́yìn ìlú New York, níbi tó sọ ní Levittown. Ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 750 ni ilé náà, yàrá ìbùsùn méjì, òkè àjà rẹ̀ sì wà láìparí, kí onílé fi ọwọ́ ara rẹ̀ parí rẹ̀ nígbà tí ọmọ bá dé. Ilé tó ń dàgbà nìyẹn! Àbùkù ńlá wà lára rẹ̀ o: wọn ò jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú ra ọ̀kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọgbọ́n ìkọ́lé, ọgbọ́n agbolé ni. Ní 1950, ilé tuntun ní Amẹ́ríkà ń tó 983 ní ìpíndọ́gba. Ní 2015 ó ti kọjá 2,600, bẹ́ẹ̀ ènìyàn tó wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan ti dín kù láti ju mẹ́ta lọ sí bíi méjì àbọ̀. Àwọn fúnra wọn ló fi orúkọ McDonald's sọ irú ilé bẹ́ẹ̀ ní "McMansion", kí wọ́n lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ọmọ wa tó ń gbé yàrá méjì ní Houston tàbí Peckham, àwòrán ilé tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ yìí ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n kọ́ fún àwọn ní Ìlíṣàn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ń lò nínú rẹ̀ ní Kérésìmesì.

Mi ò fi gbogbo ẹnu bá wọn wí. Ilé tí ẹni tó jìnnà kọ́ sílé jẹ́ ọ̀nà tó ń gbà sọ pé òun kò sọnù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ ń kọ́? Ẹ wọ ọ̀kan nínú àwọn dúpùlẹ́ẹ̀sì tó ti parí yìí, kí ẹ kí màmá tó wà níbẹ̀. Orúnkún wọn kò jẹ́ kí wọ́n gun àtẹ̀gùn mọ́. Wọ́n ti gbé bẹ́ẹ̀dì wọn sọ̀kalẹ̀ sí yàrá àlejò nísàlẹ̀. Pálọ̀ wà ní títì, torí aṣọ tí wọ́n fi bo àga. Ẹ̀yìn ilé ni ẹ óò ti bá wọn, lẹ́bàá ilé ìdáná, lórí àpótí, níbi tí afẹ́fẹ́ wà tí wọ́n sì ti lè rí ẹni tó ń kọjá. Nínú ilé oníyàrá mẹ́jọ, wọ́n ti dá yàrá kan àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan sílẹ̀ fún ara wọn.

Àwọn kan ti ń bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ ní báyìí. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ìsàlẹ̀ ọ̀nà wa, ra púlọ́ọ̀tì bíi ti gbogbo ayé, ó sì ní kí wọ́n ya àwòrán dúpùlẹ́ẹ̀sì fún òun. Ṣùgbọ́n bọ́ìsì kọ́tà tó wà lẹ́yìn àwòrán náà ló kọ́kọ́ kọ́: yàrá méjì, pálọ̀ kékeré kan, ilé ìdáná, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó fẹ̀. Wọ́n fi ọ̀pá irin sílẹ̀ níta lápá ọ̀tún kí wọ́n lè fà á gùn lọ́jọ́ iwájú. Ó wọ inú rẹ̀ láàrin ọdún kan, kò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Níwájú, níbi tí dúpùlẹ́ẹ̀sì yẹ kó wà, ó gbin àgbàdo, ilá àti ewédú. Ó ti tó ọdún mẹ́fà báyìí. Àwọn aládùúgbò ṣì máa ń bi í pé, "Mà, ìgbà wo lẹ máa wá bẹ̀rẹ̀ ilé gan-an?" Ó ń dá wọn lóhùn pé àwọn tó wà nínú ilé kò tíì kún un.

Ọmọbìnrin rẹ̀ tó wà ní Àkúrẹ́ fẹ́ kó wá sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, pẹ̀lú ọmọ méjì, nítorí náà yàrá kan máa wọ apá ọ̀tún, níbi tí àwọn ọ̀pá irin wà. Bíríkìlà ti wá wọn ibẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà á gùn tẹ̀ lé e, pé kí wọ́n fa ìlà ilá méjì tó wà níbẹ̀ tu kí yẹ̀pẹ̀ tó dé.